Ṣíṣa Ẹ̀yà Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Pariwo fún Iṣẹ́ Àdàkọ Ohùn nínú Ilé

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni bí akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe lè ṣa ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí kì í pariwo. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí ó ń da ìjálá tí a gbà sílẹ̀ kọ nínú ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní láti fetí ya igba, igbá àti ìgbà sọ́tọ̀. Bí fáànù bá ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lè ṣì wọ́n gbọ́.

Níbo ni ariwo náà ti ń wá? Ooru ni ó ń bí i. Bí CPU, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bá ṣe ń gbóná sí i ni fáànù ń sáré sí i. Bí eré fáànù bá di ìlọ́po méjì, ariwo rẹ̀ a máa fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 15 ga sí i.

Lọ́nà kìíní, kí a wá CPU tí kì í jẹ iná púpọ̀. Púpọ̀ nínú CPU Intel tí lẹ́tà T parí orúkọ wọn jẹ́ oníwáàtì 35, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn jẹ́ 65. Tòkunbọ̀ rẹ̀ ṣeé rà, nítorí pé CPU kì í tètè gbó. Lọ́nà kejì, kí a lo SSD, nítorí pé kò sí ohun tí ń yí nínú rẹ̀. Lọ́nà kẹta, fáànù onímìlímítà 120 tí ń rọra yí sàn ju ti 80 tí ń sáré lọ. Tuntun ni kí a ra èyí; bíárìn tòkunbọ̀ lè ti jẹ.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé eruku ọyẹ́: bí ó bá dí ihò afẹ́fẹ́, ooru a pọ̀, ariwo a sì padà.

Ní àkótán, ẹni tí ó bá náwó láti dín ooru kù ti ra ìdákẹ́jẹ́ mọ́ ọn.