Kíka Iye Iná Tó Kù Nínú Bátìrì Sólà

Sólà kò ṣàjèjì mọ́ ní Ọyẹ́-Èkìtì, ní ilé tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, nọ́ńbà ojú mítà ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Bí oòrùn bá mú ganrínganrín, bátìrì onífóltì 12 lè ka 14. Iná tí ń wọlé lọ́wọ́ ni ó gbé e sókè, kì í ṣe pé bátìrì ti kún. Bí fíríìjì bá sì ń fa iná, nọ́ńbà náà á wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ó dára jù láti kà á, kí oòrùn tó yọ, bí wọ́n bá ti pa gbogbo ohun tí ń lo iná láti alẹ́. Fún bátìrì olómi, èyí tí òjé àti ásíìdì wà nínú rẹ̀, 12.7 túmọ̀ sí pé ó kún, 12.2 jẹ́ nǹkan bí ìdajì, ní 11.8, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lílò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́ ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú, owó tuntun kò sì kéré lọ́wọ́ olùkọ́.

Ti lítíọ́mù yàtọ̀: fóltì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 13 títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó tán. Mítà tí ń ṣírò iná tó wọlé àti èyí tó jáde ni ó yẹ ẹ́, bí wọ́n bá ń jẹ́ kí ó kún dáadáa lóòrèkóòrè kí ìṣirò náà má baà yẹ̀.