Ìrẹsì inú máíkírówéèfù: omi ló ń sè é

Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ dán ìrẹsì wò nínú máíkírówéèfù ló máa ń ṣe àṣìṣe kan náà. Wọ́n á da ìrẹsì sínú abọ́ kékeré, wọ́n á bu omi sí i dé ẹnu, wọ́n á tẹ bọ́tìnì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí agbára tó ga jù lọ, wọ́n á sì kọjú sí nǹkan mìíràn. Kété tí omi bá ti hó, ìfófòó funfun á ru jáde, á ṣàn sórí àwo tó ń yí nísàlẹ̀, á sì gan mọ́ ara ẹ̀rọ. Ìrẹsì tó kù nínú abọ́ á gbẹ lókè, á sì le kankan láàárín. Wọ́n á nu ẹ̀rọ náà tìbínú-tìbínú, wọ́n á ní kò wúlò fún nǹkan kan ju kó gbé oúnjẹ àná gbóná lọ.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Máíkírówéèfù lè se ìrẹsì tí hóró rẹ̀ dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò jó, tí kò sì di ẹ̀kọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dúró tì í. Ohun tí kò lè ṣe ni kó mú ìrẹsì jinná ṣáájú àkókò tí ìrẹsì fúnra rẹ̀ ń fẹ́. Ẹni tó bá ti gba èyí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ogun ló bí ẹ̀rọ ilé ìdáná yìí. Ní 1940, ní Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Randall àti Harry Boot ṣe irú magnetron kan, ohun èlò tó ń tú ìgbì jáde, tó lágbára ju àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí rédà lè máa rí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá láti òkèèrè. Nígbà tó di 1945, Percy Spencer, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Raytheon ní Amẹ́ríkà, dúró nítòsí magnetron tó ń ṣiṣẹ́, ó sì rí i pé midinmíìdìn inú àpò òun ti yọ́. Ó gbé àgbàdo sí iwájú rẹ̀, àgbàdo di gúgúrú. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà ìdáná tuntun yìí. Radarange, máíkírówéèfù tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní 1947, ga tó ènìyàn, ó wúwo tó 340 kílógíráàmù, owó rẹ̀ sì tó nǹkan bí 5,000 dọ́là. Ó di 1967 kí ilé-iṣẹ́ Amana tó gbé èyí tó lè jókòó sórí tábìlì ilé ìdáná jáde ní 495 dọ́là.

Magnetron yẹn ṣì ni ọkàn ẹ̀rọ náà títí dòní. Ó ń tú ìgbì jáde, ìbátan ìgbì tí rédíò ń gbà, èyí tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún ju ìgbà bílíọ̀nù méjì lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn èérún omi inú oúnjẹ á máa yí tẹ̀lé e, wọ́n á máa kọlu ara wọn, ìkọlù yẹn á sì di ooru. Ìgbì náà ń gba inú gíláàsì àti tánganran kọjá láìṣe wọ́n ní nǹkan kan, omi ló ń wá kiri. Bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, ìgbì ti tán nìyẹn. Kò sí èyí tó ń sá pa mọ́ sínú oúnjẹ, ìyẹn sì ni ìdí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ pé oúnjẹ inú máíkírówéèfù kì í di ohun olóró tó ń tú ìtànṣán jáde. Èyí tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ni ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Bí ó bá ti tẹ̀ tàbí tí kò pa dé dáadáa mọ́, kí wọ́n má lò ó.

Ìrẹsì gbígbẹ kò ní omi tó pọ̀ nínú: bí 12 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ péré ni. Nítorí náà, omi tí wọ́n bù sí i ni ìgbì náà ń gbé gbóná, omi náà ló sì ń se ìrẹsì, gẹ́lẹ́ bó ṣe ń sè é nínú ìkòkò. Sítáàṣì ló kún inú hóró ìrẹsì, irú nǹkan kan náà tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń mú kí aṣọ le. Bí omi gbígbóná bá wọ inú rẹ̀, tí ooru sì tó bí 60 sí 80°C, sítáàṣì á fa omi mu, á wú, á sì rọ̀. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn hóró ni omi ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan àárín. Ìrìn yẹn ń gba àkókò. Bẹ́ẹ̀ ni omi tó ti ń hó kò lè gbóná ju nǹkan bí 100°C lọ, bó ti wù kí agbára ẹ̀rọ pọ̀ tó. Ẹni tó bá ń fi agbára kún agbára lẹ́yìn tí omi ti hó, oruku lásán ló ń sọ omi dà. Omi á tán kí àárín hóró tó rí tirẹ̀ mu.

Ìdí nìyẹn tí ìrẹsì inú máíkírówéèfù fi ní ìpele méjì: agbára kíkún títí omi yóò fi hó, lẹ́yìn náà ìdajì agbára títí ìrẹsì yóò fi mu omi náà tán.

Fún ìrẹsì funfun, ife kan ìrẹsì sí ife méjì omi ni ìwọ̀n tó rọrùn láti fi bẹ̀rẹ̀. Ife kan náà ni kí wọ́n fi wọn méjèèjì; ìbáà jẹ́ agolo mílíìkì, kò burú. Kí wọ́n ṣa òkúta kúrò, kí wọ́n sì fọ ìrẹsì náà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Omi tó ń jáde funfun bí ògì nígbà àkọ́kọ́ ni sítáàṣì tó wà lẹ́yìn hóró, òun gan-an ló sì máa ń ru jáde bí ìfófòó. Abọ́ gbọ́dọ̀ tóbi, kó sì jinlẹ̀. Fún ife kan ìrẹsì, ó yẹ kó lè gba lítà méjì sí mẹ́ta, kí ìfófòó lè rí ibi gùn sí. Iyọ̀ díẹ̀ àti ṣíbí kékeré òróró kan á wọ inú rẹ̀, torí òróró máa ń pa ìfófòó. Kí wọ́n wá fi àwo bò ó, ṣùgbọ́n kí àyè díẹ̀ wà tí oruku lè gbà jáde.

Nínú ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ tó 700 sí 800 wáàtì, ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́fà lórí agbára kíkún máa ń tó kí omi ife kan ìrẹsì hó. Ẹni tó bá yọjú wò ó láti ojú gíláàsì á rí i: omi á kọ́kọ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́, ìhó kéékèèké á yọ létí abọ́, lẹ́yìn náà ni àwọn hóró á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lókè sódò. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n dín agbára kù sí ìdajì, kí wọ́n sì fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohùn ẹ̀rọ náà á yí padà. Á kùn hùn-ùn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á rọlẹ̀, á tún kùn. Ẹ̀rọ ò tíì bàjẹ́ o. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣe ń ṣe ìdajì agbára nìyẹn: wọ́n á ṣiṣẹ́ tagbáratagbára, wọ́n á sinmi, ìfófòó tó ti gùn á sì rọlẹ̀ nígbà ìsinmi náà.

Bí àkókò bá pé, ihò wẹ́wẹ́ á ti lu ojú ìrẹsì náà, ibi tí oruku ti ń gbà jáde. Ihò yẹn ni àmì pé omi òkè ti tán. Síbẹ̀, kí wọ́n má tíì ṣí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún míì nínú abọ́ tó wà ní bíbò ni omi tó ṣẹ́ kù fi ń pín kárí. Ẹyọ ìrẹsì kan tí wọ́n bá tẹ̀ láàárín ìka méjì á sọ bó ṣe rí: bí ojú funfun kan bá ṣì wà láàárín rẹ̀, omi ò tíì débẹ̀. Ṣíbí omi méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i á tún un ṣe.

Ìrẹsì ò rí bákan náà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà Nàìjíríà, tí wọ́n ti bọ̀ tí wọ́n sì sá gbẹ kí wọ́n tó bó o, kì í tètè rọ̀, ó sì lè fẹ́ omi díẹ̀ sí i àti ìṣẹ́jú márùn-ún míì. Ìrẹsì Ọ̀fàdà, tí èèpo pupa ṣì máa ń wà lára rẹ̀, ń fẹ́ kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi ṣáájú, kó sì pẹ́ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí ìdajì agbára. Ìrẹsì inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ìlú Lọ́ńdọ́nù, tó ń gbóná ní ìṣẹ́jú méjì, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí: wọ́n ti sè é jinná ní ilé-iṣẹ́ kó tó dé orí igbá.

Ọ̀rọ̀ abọ́ kò gba ìgbàgbé. Nínú ìkòkò, ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń fi fóìlì tàbí láílọ́ọ̀nù dé ìrẹsì kí oruku má bàa sá. Àṣà yẹn gbọ́dọ̀ dúró sídìí ìkòkò. Fóìlì máa ń ta iná nínú máíkírówéèfù, láílọ́ọ̀nù sì lè yọ́ sórí oúnjẹ. Abọ́ onírin tí wọ́n fi ọ̀dà dídán bò, èyí tó ní òdòdó lára, irin ni lábẹ́ ọ̀dà yẹn. Àwo tó ní ìlà wúrà létí náà léwu. Ike áísìkirimù tí wọ́n fọ̀ pa mọ́ kò ṣe é se oúnjẹ nínú ẹ̀rọ yìí. Abọ́ gíláàsì tó ń gba ooru, tàbí tánganran tí kò ní irin lára, ló yẹ.

Ní ti iná mọ̀nàmọ́ná, ẹ̀rọ tó ń fún oúnjẹ ní 800 wáàtì lè máa fa nǹkan bí 1,200 wáàtì lára ògiri. Ìṣẹ́jú márùn-ún lórí agbára kíkún àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ìdajì jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́rin yúnìtì kan lórí mítà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e, torí agbára rẹ̀ kò tó 1,000 wáàtì. Bí iná bá lọ láàárín kan, kí wọ́n fi abọ́ sílẹ̀ ní bíbò. Ìrẹsì á ṣì máa mu omi gbígbóná náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì lè parí rẹ̀ lórí gáàsì.

Bí wọ́n bá ka gbogbo àkókò náà pọ̀, ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, bí iye tí ìkòkò ń gbà. Ìrọ̀rùn ni èrè rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá kan ní Leeds tàbí ní Ìbàdàn lè máa kàwé lọ, kò sí iná tó ń jó tí yóò máa ṣọ́, abọ́ tó fi sè é náà ni yóò sì fi jẹun. Ṣùgbọ́n jọ̀lọ́ọ̀fù ìnáwó kò sí níbẹ̀. Òórùn èéfín igi àti èyí tó jó díẹ̀ mọ́ ìdí agbada ń fẹ́ ooru tó ju ti omi híhó lọ dáadáa, níbi tí omi bá sì ṣì wà, ooru kì í gùn débẹ̀.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù ń fẹ́ ìṣọ́ra. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus. Irúgbìn rẹ̀ máa ń yè lẹ́yìn tí ìrẹsì ti jinná, bí ìrẹsì bá sì pẹ́ níta, á hù, á sì tú májèlé tí gbígbé gbóná kò lè pa. Ìmọ̀ràn àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí ìrẹsì tutù láàárín wákàtí kan, kó má lò ju ọjọ́ kan lọ nínú fíríìjì, kí wọ́n má sì gbé e gbóná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Títẹ́ ẹ sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń mú un tètè tutù. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n wọ́n ṣíbí omi kan lé e lórí, kí wọ́n bò ó, kí wọ́n dá a padà sínú ẹ̀rọ títí oruku yóò fi máa rú jáde láti àárín rẹ̀ gan-an, kí wọ́n sì rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín kan.