Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín "Council" àti "Counsel"

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú, "council" àti "counsel" kì í gbẹ́yìn. Bí a bá pè wọ́n, etí kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Bí a bá sì kọ wọ́n sílẹ̀, lẹ́tà méjì péré ni ó yà wọ́n: "ci" nínú èkínní, "se" nínú èkejì. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fi ọ̀kan dípò èkejì ti sọ ohun mìíràn pátápátá.

"Council" ni àwọn ènìyàn tí a kó jọ tí a sì fi àṣẹ lé lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni Yorùbá sọ di "kánsù", tí a fi ń pe ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo "council" ni kánsù. Ìgbìmọ̀ ni a ń pe ti Olúbàdàn àti àwọn ìjòyè rẹ̀. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí kánsù, ó ti sọ àwọn ìjòyè di òṣìṣẹ́ ìjọba.

"Counsel" ní tirẹ̀ ni ìmọ̀ràn. Agbẹjọ́rò ní ilé ẹjọ́ náà ń jẹ́ "counsel", a kì í sì í fi "s" sí i bí wọ́n tilẹ̀ pé mẹ́wàá. Láti inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá, "concilium" fún àpéjọ, "consilium" fún ìmọ̀ràn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn sì pẹ́ kí wọ́n tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Nínú èdè tiwa pàápàá, àwọn tí ó bá gbìmọ̀ pọ̀ ni a ń pè ní ìgbìmọ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó lè mú kí ọ̀rọ̀ náà yé wa dáadáa ni ti ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, tí àwọn àgbẹ̀ Àkànràn àti ti àwọn abúlé mìíràn ní agbègbè Ìbàdàn bá ìjọba Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn jà ní ọdún 1968 sí 1969. Kánsù ni ó ń gba owó-orí, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a sì máa wọ abúlé láti mú ẹni tí kò bá san án. Láti ìgbà tí ìjọba ológun ti dé ní oṣù kìíní ọdún 1966, kò sí kánsẹ́lọ̀ tí ará oko dìbò yàn tí wọ́n lè fi ẹjọ́ sùn mọ́. Ẹni tí ìjọba yàn ni ó ń darí kánsù. Àwọn àgbẹ̀ ní òkè mẹ́fà, èyí tí í ṣe ọgbọ̀n ṣílè, ni agbára àwọn ká. A kò gbọ́ tiwọn. "Council" wà, àṣẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ di sí "counsel". Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó ṣòfò kí ọ̀ràn náà tó rọlẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1969, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìṣúná nígbà náà, bá Tàfá Adéoyè, aṣáájú àwọn àgbẹ̀ ní ìhà Àkànràn, sọ̀rọ̀. Owó-orí wá di £2, èyí tí í ṣe òkè mẹ́jọ. Agbẹjọ́rò ni Awólọ́wọ̀, a lè pè é ní "counsel" bí ó bá wà níwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n "counsel" tí a ń wí níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ tí ó bá wọn sọ, tí wọ́n sì gbà.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn yìí: "The council refused the farmers' counsel." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kánsù kọ ìmọ̀ràn àwọn àgbẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣèèṣì pààrọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà, tí ó kọ "The counsel refused the farmers' council", agbẹjọ́rò ni ó kọ ìgbìmọ̀ àwọn àgbẹ̀ yẹn, bóyá nítorí wọn kò rí owó iṣẹ́ rẹ̀ san! "The farmers took counsel" kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú kánsù. Ohun tí ó sọ ni pé àwọn àgbẹ̀ gbìmọ̀ pọ̀. "Counsel" tún lè jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, láti gba ènìyàn nímọ̀ràn. "Council" kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé.

Ẹni tí "ci" àti "se" bá ṣì ń rú lójú, kí ó rántí pé "ci" ni ó bẹ̀rẹ̀ "city", ìlú. Ìlú ni ó sì ń ní kánsù.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni "councillor" àti "counsellor". Ní Àkànràn, tí í ṣe olú-ilé ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà, "councillor" ni kánsẹ́lọ̀ tí wọ́ọ̀dù dìbò yàn. "Counsellor" ni olùdámọ̀ràn tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́, tí a kò dìbò fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun lọ bá "the school councillor" nípa iṣẹ́ tí òun fẹ́ kọ́, ó ti gbé ọ̀ràn ilé-ìwé lọ bá olóṣèlú.