Ilẹ̀kùn tí ń pe onílé

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Bí ẹ bá ní agogo olè lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé tàbí àká kájú yín, ẹ mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun kékeré méjì ni ó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀kan ni òòfà, irin tí ń fa irin. Ó wà lára ilẹ̀kùn. Èkejì wà lára òpó ilẹ̀kùn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni ó wà nínú rẹ̀, nínú gíláàsì. Walter Ellwood ni ó ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1936. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, òòfà a mú kí irin méjèèjì kan ara wọn, iná a sì kọjá. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, wọ́n a pínyà, agogo a dún.

Nígbà òjò, pákó a máa wú, ilẹ̀kùn a sì wọ́. Òòfà a jìnnà, agogo a máa dún láìsí olè. Ẹ má ṣe torí ariwo pa á tì. Ọjọ́ tí ẹ bá pa á tì ni olè lè wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ pa iná agogo náà. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ sún òòfà padà kí ó dojú kọ èkejì rẹ̀. Kí àlàfo àárín wọn má ju ìbú ìka kan lọ. Ẹ dè é kí ó le. Ẹ má fi òòlù lù ú, kí gíláàsì má bàa fọ́. Bí ó bá ti fọ́, kò ṣeé tún ṣe. Ẹ ra òmíràn.

Ẹ tan iná padà, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Ṣé agogo dún? Iṣẹ́ ti parí.