Òórùn aṣọ tuntun: Bí ẹ ṣe lè lé e, àti ìdí tí káńfọ̀ kò fi gbọdọ̀ kan aṣọ ìkókó

Ẹni tó bá ra aṣọ ọmọ lọ́jà Mont-Bouët ní Libreville, tó já ọ̀rá rẹ̀ nílé, á mọ òórùn tí à ń sọ. Ó máa ń gún ni nímú, nígbà mìíràn á tún mú kí ojú máa ta ni. Àwọn kan gbà pé òórùn yẹn ló fi hàn pé aṣọ náà tuntun, wọ́n á sì wọ̀ ọ́ fún ọmọ lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn á wọ́n lọ́fínńdà sí i, wọ́n á ní ó ti tán. Kò tíì tán o. Òórùn kejì ló kàn bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀.

Kí ẹ tó lè lé òórùn aṣọ, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti wá.

Òórùn láti iléeṣẹ́

Wọ́n sábà máa ń fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ formaldehyde sí aṣọ òwú, pàápàá èyí tí wọ́n bá kọ sí lára pé kì í rún. Kẹ́míkà yìí náà ni wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì. Lọ́dún 2004, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín jù: àwọn tó ń fa èéfín rẹ̀ símú lójoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn kàn jù. Èyí tó wà lára aṣọ sábà máa ń fa ara yíyún àti kí ara sú wẹ́wẹ́ níbi tí aṣọ ti ń fún mọ́ ni, bí ọrùn, abíyá àti itan.

Ní Japan, òfin ní kẹ́míkà yìí kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n 16 nínú mílíọ̀nù kan lọ nínú aṣọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Lọ́dún 2010, iléeṣẹ́ ayẹ̀wéwò ìjọba Amẹ́ríkà yẹ nǹkan aṣọ 180 wò. Mẹ́wàá nínú wọn ló kọjá 75, ìyẹn ìwọ̀n tí òfin tó le jù gbà fún aṣọ tó ń kan ara. Ọ̀pọ̀ aṣọ kò ní i púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ èyí tó ní i. Inú wa dùn pé omi ń yọ ọ́.

Òórùn láti inú kọ̀ntéńà

Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ọ̀pọ̀ ọjà wá sí èbúté Owendo. Ọ̀rinrin á mú kí aṣọ máa run èbu. Nítorí náà ni àwọn oníṣòwò kan ṣe ń fi àpò oògùn kékeré sínú páálí. Lọ́dún 2009, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ọ̀kan nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, dimethyl fumarate, nítorí ó bó àwọn èèyàn lára láti inú bàtà àti àga tìmùtìmù. Bí ẹ bá rí irú àpò bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi ṣeré.

Káńfọ̀: ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an

Moutouki ni àwọn ará Libreville ń pe òkìríkà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló máa ń run káńfọ̀, bí aṣọ inú àpótí ìyá àgbà ṣe ń run ún. Káńfọ̀ ni à ń pè é, ṣùgbọ́n naphthalene ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Naphtaline ni wọ́n ń pè é ní Gabon.

Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan kò ní èròjà G6PD tó. Wọ́n bí i mọ́ wọn ni, ó sì pọ̀ láàárín wa: nínú ọkùnrin Yorùbá márùn-ún, ó ń lọ bí ẹnì kan. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá mí òórùn naphthalene, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ibà pọ́njú sì lè dé. Bí ibà pọ́njú bá wọ ọpọlọ ìkókó, ó lè pa á, ó sì lè sọ ọ́ di adití tàbí arọ. Lọ́dún 1963, àwọn dókítà ní Gíríìsì kọ ìròyìn nípa ìkókó 21 tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Òórùn tí wọ́n mí símú ló ṣe ọ̀pọ̀ wọn bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Gbogbo ẹbí á kó léèsì àti aṣọ òkè jáde látinú àpótí, wọ́n á sì máa gba ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ lọ́wọ́ ara wọn. Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò, tí ẹ ti fi káńfọ̀ tọ́jú, náà á jáde. Ẹ má fi wọ ìkókó, ẹ má sì fi káńfọ̀ sí yàrá tó ń sùn. Ẹ sọ fún màmá àti àwọn àǹtí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ọjọ́ náà tó pé, kí wọ́n tètè sá aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀. Òróró tí ẹ fi pa ọmọ lára pẹ̀lú lè mú kí naphthalene wọ awọ ara rẹ̀ kíákíá.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

Ẹ yọ aṣọ nínú ọ̀rá, kí ẹ fi í kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Èyí tó ń run káńfọ̀ á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí káńfọ̀ kì í yọ́ nínú omi, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tí ẹ ti da ife fínígà kan sí. Ẹ má da Javel, èyí tí à ń pè ní Hypo tàbí Jik nílé, pọ̀ mọ́ fínígà láéláé. Èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ fi ọṣẹ tí kò lóòórùn fọ̀ ọ́, kí ẹ ṣan án dáadáa. Bó bá ṣì ń rùn, ẹ tún un fọ̀.

Sísá rẹ̀ ló gba ọgbọ́n ní Libreville. Ẹ̀rùn ibẹ̀, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, kì í mú oòrùn wá bíi tilé. Ojú ọ̀run máa ń ṣú ni. Ẹ jẹ́ kí aṣọ jìnnà síra wọn lórí okùn, ẹ má tẹ́ ẹ sórí koríko, nítorí eṣinṣin kan wà tó ń yé ẹyin sí aṣọ tútù, tí ìdin rẹ̀ ń wọ awọ ara. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ ọ́ tinú-tẹ̀yìn.

Ìgbà wo lẹ máa sáré lọ sílé ìwòsàn?

Bí ojú, èrìgì tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ ìkókó bá di yẹ́lò, bí kò bá fẹ́ mu ọmú, tó ń sùn jù, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ní Libreville, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ Jeanne Ebori wà. Ẹ má ní ẹ fẹ́ kọ́kọ́ fi oòrùn òwúrọ̀ wò ó. Iná ìtọ́jú ilé ìwòsàn ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí aṣọ rẹ̀ bá ti bá káńfọ̀ gbé, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó bi yín.