Ohun Tí Gẹ̀ẹ́sì Ń Pè Ní "Take Place"

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré méjì ni a fẹ́ tú wò lónìí: "take place".

Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ pàdé wọn yóò rò pé kò sí wàhálà níbẹ̀. "Take" ni mú tàbí gbà, "place" sì ni ibi tàbí àyè. Ṣùgbọ́n bí ó bá so wọ́n pọ̀, "gba àyè" ni yóò rí, ìtumọ̀ ti sọnù nìyẹn. Bí àwa náà bá ní olè fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, ta ni í béèrè ohun tí ó fi ẹsẹ̀ fẹ́?

"Wáyé" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tí a ti dá ọjọ́ sí, tí a sì ti mọ ibi tí a ó ti ṣe é, ni a sábà máa ń lò ó fún: ìgbéyàwó, ìdánwò, ìpàdé, eré ìdíje. Ẹ wo pápá ìṣeré ńlá tí ó wà ní Sùúrùlérè. Ibẹ̀ ni Eré Ìdárayá Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ti wáyé ní oṣù kìíní ọdún 1973. Ibẹ̀ náà ni Nàìjíríà ti na Àlùjíríà ní 3 sí 0 ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, tí a fi gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ẹ̀kẹta. "The match took place in Surulere" ni Gẹ̀ẹ́sì tí ó gún. Bí o bá kọ "was taken place", íǹkì pupa ni olùkọ́ yóò fi dá ọ lóhùn. Eré náà fúnra rẹ̀ ni ó wáyé. Kò sí ẹni tí ó "take" é. (Èmi náà jẹ íǹkì pupa yẹn rí.)

Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tún ní "it came to pass", èyí tí Bíbélì Yorùbá pè ní "Ó sì ṣe". Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ nínú Bíbélì, ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

"Happen" ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Òun sún mọ́ "ṣẹlẹ̀", ohun tí ó sì kàn ṣàdédé bá ni ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé wọ́n rán ọmọkùnrin kan láti Múṣin lọ sí ibi iṣẹ́ bàbá kan ní Yábàá. Ọ̀gá tí kò gbọ́ Yorùbá ni ó bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó kó Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jọ, ó ní: "Something has happened in his house, sir." Àyà ọ̀gá já. Wọ́n pe bàbá náà jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀ mọ́, ó ń béèrè pé, "Ta ni? Ta ni ó kú?"

Ọmọ náà kò purọ́. Bí ó bá tilẹ̀ sọ ọ́ ní Yorùbá pé "nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nílé yín", ìpayà kan náà ni. "A birth has taken place" kò burú, ṣùgbọ́n ó le bí aṣọ tí a fi sítáàṣì sí. Ẹnu akọ̀wé ni ó yẹ. "His wife has had twins" ni ì bá sọ.

"Ẹ ṣe sùúrù, sà," ni ọmọ náà ń wí, "ìbejì ni ìyàwó yín bí."