Ọ̀RỌ̀ ÌRỌ̀LẸ́ SỌ́ŃDÈ: Ohun tó ń ba ohùn jẹ́ nígbà tí a bá ń gbà á sílẹ̀

(Láti inú vóìsì nóòtì mẹ́ta. Akọ̀wé ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò tó, àti àwọn tó wà nínú ariwo ọjà tí wọn ò lè gbọ́.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Sabon Gari, ní Samaru, ní Tudun Wada, ní Kwangila, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti ṣí lọ sí Kaduna, mo kí yín. Èmi àbúrò yín ni, èmi tí mò ń gba ohùn sílẹ̀ ní GRA níbí. Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lónìí nítorí ìbéèrè tí ìyá aláṣọ kan bi wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí ló dé tí ìkéde ọjà tí àwọn gbà sílẹ̀ fi ń ké "hùùù" lábẹ́ ọ̀rọ̀, tí àwọn oníbàárà ò sì gbọ́ iye tí wọ́n pe ọjà?

Mo máa dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ta èlùbọ́ mú ìyá wọn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nínú agbo ilé wọn, àwọn nìkan ló kù tó mọ oríkì ìdílé náà láti orí dé ìdí. Ẹ̀gbọ́n ní kí n gbà á sílẹ̀, kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Zaria, tí Hausa yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, lè rí i gbọ́. Màmá jókòó, wọ́n kì wọ́n fún bíi ogójì ìṣẹ́jú. Èmi ń wo àmì ohùn tó ń lọ sókè sódò lójú kọ̀ǹpútà, mo ní ó ti wọlé. Mi ò fi headphone sétí. Ìgbà tí màmá ti padà sílé ni mo tó jókòó gbọ́ ọ: "hùùù" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní kò sí wàhálà, tí wọ́n bá tún wá, a ó tún un ṣe. Màmá ò tún wá mọ́. Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà láti sọ̀rọ̀ yìí. Ohùn tó bá ti lọ, owó ò lè rà á padà.

Ẹ gbọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ohùn máa ń rin ìrìn àjò: láti ẹnu dé máìkì, láti máìkì sínú wáyà, láti wáyà sínú àpótí kékeré tó ń gbà á wọlé, láti ibẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kó tó dé etí. Bí ọjà tí a kó láti Ìbàdàn ló rí. Tí àpò méjì bá dín, ẹ ò ní mú awakọ̀, alábàárù àti ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa kà á níbi tí ẹ ti kó o, ẹ kà á ní gáréèjì, ẹ tún kà á ní ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ náà ni tibí. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gbọ́ ọ. Ẹni tó bá pààrọ̀ wáyà, máìkì àti ihò lẹ́ẹ̀kan náà, tí ohùn sì dé, kò tíì mọ èyí tó ṣẹ̀ é. Yóò tún padà bá a lọ́la.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́: ohùn ò wọlé rárá. Ẹ wo bọ́tìnnì ara máìkì, ẹ̀yin ará. Ọ̀pọ̀ ìgbà, pípa ni wọ́n pa á. Lẹ́yìn náà, ẹ ti wáyà wọlé dáadáa lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ sì fi wáyà mìíràn dán an wò. Tí wáyà bá dára, ẹ béèrè irú máìkì tó jẹ́. Máìkì méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni ti orí ìtàgé, èyí tí pásítọ̀ àti àwọn oníwàásù máa ń dì mú. Kò nílò iná. Ìkejì ni ti sitúdíò tí wọ́n ń pè ní condenser. Èyí tó ń lo wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lára wọn máa ń jẹ iná volt 48 láti inú àpótí náà, nípasẹ̀ wáyà kan náà tí ohùn ń gbà. Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ 48V sí. Tí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Tí gbogbo èyí bá pé, ó ku kọ̀ǹpútà. Laptop ní máìkì tirẹ̀ nínú. Ó lè jẹ́ pé òun ló ń gbọ́, tí ti wa kàn dúró bí ère. Ẹ fi èékánná ha orí máìkì díẹ̀. Tí àmì ohùn ò bá mì, àmọ́ tó mì nígbà tí ẹ ha ara laptop, ẹ ti mú olè. Ẹ lọ sínú ètò rẹ̀, kí ẹ yan máìkì tó yẹ.

Ìkejì ni ti ìyá aláṣọ wa, "hùùù". Iná Nẹ́pà wa máa ń lọ bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìlọbọ̀ yẹn gan-an ni etí ń gbọ́ nígbà tó bá jí wọ inú ohùn. Ẹ ṣe báyìí: nígbà tó ń ké, ẹ yọ ṣájà laptop, kí ó lo bátìrì. Tó bá dákẹ́, ọ̀nà ṣájà ló gbà wọlé. Ohun tó ba ti màmá jẹ́ nìyẹn, ká ní mo fi headphone sétí, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ni mi ò bá ti mọ̀. Ẹ ki gbogbo irinṣẹ́ sí extension kan ṣoṣo, kó má jẹ́ pé èyí ń gba iná níhìn-ín, èyí ń gba iná lọ́hùn-ún. Ẹ má jẹ́ kí wáyà máìkì sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná. Tí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n kọjá lórí ara wọn bí àgbélébùú.

Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ dúró níbí díẹ̀. Àwọn kan máa ń gé ẹsẹ̀ kẹta pulọ́ọ̀gì kí "hùùù" lè lọ. Ẹ má ṣe é. Ẹsẹ̀ yẹn ni ti wáyà earth, òun ló ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gé e, máìkì onírin tí ẹ fẹ́ gbé sẹ́nu lè gbé iná jáde. Oníṣẹ́ iná ni kí ẹ pè kó wo earth ilé yín. Ní Zaria wa yìí, tí òjò bá ti lọ, tí ọyẹ́ dé, ilẹ̀ á gbẹ kanrankanran. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná dáadáa. Èyí ló fà á tí ilé tí kò ké nígbà òjò fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní oṣù kejìlá. Níbi tèmi, ẹni tó ṣe iná wa ní ká máa bomi rin ojú ibi tí wọ́n ri irin earth mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

(Ẹ má bínú, kẹ̀kẹ́ ló kọjá yẹn.)

Ìkẹta: "tìrìrì-tit-tit-tit". Ẹ mọ̀ ọ́n. Fóònù nìyẹn. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì 2G, fóònù máa ń sọ̀rọ̀ sí òpó ní ṣísẹ̀-ṣísẹ̀, nígbà 217 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, wáyà máìkì á sì gbé e. Ẹ gbé fóònù jìnnà, tàbí kí ẹ fi sí airplane mode.

Ìkẹrin: ohùn ń fọ́ bí ìgbà tí sípíkà ya. Ẹ ti ṣí i jù. Àgbá tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ ni. Omi tó ti dànù, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè kó o padà. Lójú kọ̀ǹpútà, òdo ni òkè téńté. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ohùn ti lágbára jù dúró láàárín -12 sí -6. Àwọn èèyàn wa máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí ara wọn bá yá, wọ́n á pariwo. Nítorí náà, ibi tí wọ́n máa pariwo jù ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò.

Ìkarùn-ún: ohùn jìnnà, ó ń dún bí ẹni tó wà nínú kànga. Ẹ sún mọ́ máìkì, kí ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹ má fi ọwọ́ bo orí rẹ̀. Tí "p" àti "f" bá ń fẹ́ atẹ́gùn lù ú, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu díẹ̀. Yàrá tó ní ògiri lásán àti táìlì máa ń dá ohùn padà. Ẹ̀yin aláṣọ, ẹ rẹ́rìn-ín: ṣọ́ọ̀bù yín dára ju sitúdíò àwọn mìíràn lọ! Àwọn aṣọ tẹ́ ẹ tò kún ibẹ̀ ń gbé ìró náà mì. Ẹ pa fáànù, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ dúró láàárín aṣọ, ẹ gba ìkéde yín sílẹ̀ níbẹ̀ kí ọjà tó ṣí.

Ẹ jẹ́ ká mẹ́nu ba fóònù, torí òun ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀, nítòsí ibi tí a ń ki ṣájà sí, ni máìkì rẹ̀. Ìka ọwọ́ tàbí àpò fóònù lè bò ó. Erùku ọyẹ́ tún máa ń dí i. Búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀, tó gbẹ, ni kí ẹ fi gbá a. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ ó ba á jẹ́ pátápátá. Tí ọ̀rọ̀ bá sì kan iye, ẹ tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárín ariwo fáànù, "fifteen" àti "fifty" ò ní ìyàtọ̀. Páálí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ fẹ́, àádọ́ta ni wọ́n máa kó sọ́kọ̀ fún yín. Ta ló máa san owó ọkọ̀ padà?

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nìyí. Kí ẹ tó gba nǹkan gidi sílẹ̀, ẹ gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ fi headphone sétí, ẹ gbọ́ ọ. Tí ẹ bá parí, ẹ tún gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin kí àgbàlagbà náà tó dìde lórí ìjókòó. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì. Ní àwọn ọdún 1920, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tó jẹ́ bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin Yorùbá sínú àwo fún Zonophone. Kó tó di 1925, inú ìwo ńlá kan ni àwọn tó ń ṣe àwo máa ń kọrin sí, iná mànàmáná ò bá wọn dá sí i. Orin Àlùfáà náà ṣì wà títí dòní. Àwa tí máìkì wà lápò wa ńkọ́?

Mo fi kọ̀ǹpútà fọ ohùn màmá wò. "Hùùù" yẹn dínkù, àmọ́ níbi tí wọ́n ti rẹ ohùn sílẹ̀, tí wọ́n ń dárúkọ àwọn tó kọ́kọ́ tẹ agbo ilé náà dó, ariwo ti gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n ò bá mi jà. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ibí yìí, kí ni wọ́n wí?" Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Ẹ̀yin tí bàbá àti ìyá yín ṣì wà, tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé fún ọdún, ẹ gbà wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi vóìsì ránṣẹ́, ká jọ gbọ́ ohun tó ń ṣe é. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjà ọ̀sẹ̀ yìí tà o. Àmín. Ire o.